Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Irúgbìn Ẹ̀fọ́ Kí A Tó Gbìn Ín, Kó Lè Hù Dáadáa

Ẹni tó bá ti gbin ewédú rí ní Ìbàdàn mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ tú ilẹ̀, ẹ fọ́n irúgbìn, òjò rọ̀, ẹ dúró títí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yọrí. Ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, òmíràn tún wá ń hù láàárín èyí tó ti fẹ́ tó í já. Ẹni tó ta irúgbìn yẹn la máa ń kọ́kọ́ bú. Nígbà mìíràn, ó tọ́ sí i. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, irúgbìn náà kò kú. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni, kò sì sí ẹni tó bá a ṣí i.

Ohun tó ń dí irúgbìn kan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń dí èkejì. Èèpo ló ń dá ewédú dúró. Àìsàn ni tòmátì àti ata máa ń gbé wá láti ara ìyá wọn. Omi ni ilá ń wá. Tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀ kò níyọnu, àfi pé èèrà fẹ́ràn rẹ̀, àwa náà sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ jù. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: omi tó jí ewédú lójú oorun, bí ẹ bá ki tòmátì bọ̀ ọ́, ẹ ti sè é nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé omi kaná, ẹ wádìí irúgbìn tó wà lọ́wọ́ yín ná.

Irú irúgbìn wo lẹ rà?

Ní ọjà Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, oríṣi méjì lẹ máa rí. Èyí tó wà nínú agolo tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára, àti èyí tí wọ́n ń fi agolo mílíìkì wọ̀n látinú àpò. Méjèèjì ló dára láyè ara wọn. Ti agolo ni mo máa ń gbà níyànjú fún tòmátì, tàtàṣé àti kábéèjì. Fún ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ti inú àpò kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Irúgbìn ewédú yìí, tọdún wo ni?"

"Tuntun ni, ọmọ mi. Tuntun ni!"

Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ? Ìbéèrè tó máa so èso ni pé ibo ni wọ́n ti kó o wá, ìgbà wo ni wọ́n lù ú, àti pé inú kí ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí látìgbà náà. Irúgbìn tó ti ń jẹ oòrùn lórí àtẹ láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ ti ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣù tó kọjá ni wọ́n lù ú. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ohun tó bu, ẹ dá a padà sínú àpò, kí ẹ kí ìyá pé ó dàbọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Bí hóró inú agolo bá ní àwọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀, bóyá ó pupa, ó ṣe búlúù tàbí ó ṣe ewé, oògùn ni wọ́n ti fi pa á lára láti ilé iṣẹ́. Ẹ má rẹ ẹ́, ẹ má gbé e sómi gbígbóná, ẹ má ṣe ohunkóhun sí i mọ́. Bí ẹ bá rẹ ẹ́, ẹ fọ oògùn tí ẹ fowó rà dànù ni. Ẹ gbìn ín bẹ́ẹ̀, kí ẹ fọ ọwọ́ yín, kí adìyẹ má sì débẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, irúgbìn tí kò tíì gba oògùn ló wà fún.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọ́n ọn

Ẹ ka hóró 100 bó bá jẹ́ wẹ́wẹ́, tàbí 20 sí 50 bó bá jẹ́ ńlá bí ilá tàbí ẹ̀gúsí. Ẹ wá aṣọ funfun tó mọ́ tàbí tíṣù tó nípọn, ẹ rẹ ẹ́ lómi, ẹ fún un kó má baà máa kán tótó. Ẹ to hóró yìí sí i lójú kan, kí wọ́n má gun ara wọn, ẹ ṣẹ́ aṣọ náà bò wọ́n, ẹ kì í sínú ọ̀rá, ẹ sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ilé. Kì í ṣe inú oòrùn o. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, bó bá ń gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i.

Tẹ̀tẹ̀ lè yọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ilá máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tòmátì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Ata ló máa ń ṣagídí: ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Bí 80 bá hù nínú 100, ẹ máa gbìn ín lọ. Bó bá jẹ́ nǹkan bí ìdajì, ẹ fi ìlọ́po méjì sílẹ̀. Bí kò bá tó 40, mi ò ní fi àkókò mi ṣòfò lórí rẹ̀, torí èyí tó hù nínú rẹ̀ gan-an kì í lágbára.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ dán ewédú wò, lọ́jọ́ kan náà: ìdì kan láìfọwọ́ kàn án, ìdì kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì í sómi gbígbóná bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Bí àkọ́kọ́ kò bá hù, tí èkejì hù wìtìwìtì, ẹ mọ̀ pé oorun ló ń sùn. Bí méjèèjì bá kọ̀, ó ti kú nìyẹn, ẹ lè wá padà lọ bá ìyá lọ́jà.

Àwọn kan máa ń da irúgbìn sínú omi, wọ́n á ní èyí tó bá léfòó, òfìfo ni. Fún ilá, ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún tòmátì àti ata, ẹ ṣọ́ra. Irun wẹ́wẹ́ wà lára hóró tòmátì tó máa ń gbé afẹ́fẹ́ dúró, ata sì fúyẹ́, nítorí náà ọmọ gidi máa ń léfòó pẹ̀lú òfìfo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ tó da èyíkéyìí nù.

Ewédú: omi híhó, kíka mẹ́wàá

Hóró ewédú wẹ́wẹ́, ó ní igun-igun, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín eérú àti ewé. Bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò ní gbà. Èèpo yẹn ló ń dí omi lọ́nà. Ì báà jẹ́ Amúgbádù, ì báà jẹ́ Oníyàyá, bákan náà ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ló sì máa ń le jù. Nínú igbó, oòrùn àti iná ló ń bá a fọ́ èèpo náà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewédú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fi lè ṣàdédé hù lẹ́yìn ilé lónìí. Àwa kò ní ọdún mẹ́ta láti fi dúró.

Ẹ wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Ẹ bu irúgbìn tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan sínú rẹ̀, ẹ má bù jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ so ó pẹ̀lú okùn gígùn, ṣùgbọ́n kí ó dẹ̀, kí hóró lè máa yí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá so ó le, àárín kò ní rí omi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa jiná.

Ẹ gbé omi púpọ̀ kaná nínú ìkòkò. Mo ní púpọ̀, nítorí bí omi bá kéré, kété tí irúgbìn bá ti wọ̀ ọ́ ni ooru rẹ̀ máa lọ. Nígbà tó bá hó yaya, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ di okùn mú, ẹ rì í wọlé pátápátá, ẹ máa gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, láìsáré. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá ti ka ẹ̀wá, ẹ fà á jáde, inú omi tútù ló ń lọ tààrà. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù lásìkò yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró.

Ẹ tú u, ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ìbòòji, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti gbẹ lára, kò ní lẹ̀ mọ́ra, ẹ lè fọ́n ọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́, ẹ bu díẹ̀ sínú omi lásán lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, èyí tí omi ti wọ̀ máa wú, èékánná á sì wọ inú rẹ̀. Èyí tó ṣì le gbagidi, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì ṣí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ní Àkànrán àti Moníyà kàn máa ń bu omi híhó lé irúgbìn lórí nínú abọ́ ni, wọ́n á fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ó máa ń hù, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń pa èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, a kàn kì í mọ̀ torí irúgbìn ewédú kì í wọ́n ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n ọn, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí iyanrìn pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ọwọ́ á lè tú u ká, kò ní hù ní ìdìpọ̀ síbì kan. Ẹ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, kí erùpẹ̀ orí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Ilá: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ó tán

Ẹ da ilá sínú omi lásán ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yọ èyí tó léfòó. Láàárọ̀, ẹ ṣẹ́ omi rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ìbòòji títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà, hóró méjì-méjì sínú ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe wàhálà. Oríṣi ilá NHAe 47-4 tí àwọn NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tó wà ní Ìdí-Ìṣin, gbé jáde o, ilá ìbílẹ̀ o, ọ̀nà kan náà ni.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí a gbàgbé rẹ̀ sómi. Irúgbìn ń mí. Bí ó bá pẹ́ lábẹ́ omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, omi náà á sì máa rùn. Wákàtí 12 ti tó. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 24.

Ohun kejì ni òjò oṣù Kẹta wa níbí. Ẹ mọ̀ ọ́n: á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú á máa rùn fún erùpẹ̀ tútù, olúkúlùkù á gbé ọkọ́, lẹ́yìn náà kò ní rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irúgbìn gbígbẹ tó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ lè dúró de òjò kejì. Èyí tí a ti rẹ, tó ti ń mú ẹnu jáde, kò lè padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ló máa kú sí. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe àkùrọ̀ ni ẹ ń gbìn sí, tàbí pé ẹ ní kànga àti ẹni tó máa pọnmi, ẹ má rẹ ilá títí òjò á fi dúró dáadáa.

Ọgbọ́n kan wà fún ẹni tó fẹ́ jẹ méjèèjì: kí ó rẹ irúgbìn, kí ó sì sá a padà lábẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ kan sí méjì títí tó fi gbẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ inú hóró ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó mu omi, kò ní gbàgbé. Bó bá tún ti kan omi nínú ilẹ̀, á yára hù, á sì hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára gan-an fún tòmátì àti ata, tí wọ́n máa ń lọ́ra. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ tíì mú ẹnu jáde kí ẹ tó sá a. Bó bá ti yọ ẹnu funfun, ó ti kúrò ní irúgbìn tí a ń sá.

Tòmátì àti ata: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Bí ẹ bá fẹ́ yọ irúgbìn tòmátì fúnra yín, ẹ má lọ kó tòmátì látinú apẹ̀rẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá. Ẹ kò mọ irú ìyá tó bí i, ẹ kò sì mọ àìsàn tó wà lóko ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ irú tí wọ́n ń kọ F1 sí lára, ìyẹn àdàpọ̀ oríṣi méjì, ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ọ́, ọ̀kan á gùn, ọ̀kan á kúrú, òmíràn á so wẹ́wẹ́. Inú oko yín ni kí ẹ ti mú un, lára igi tí ewé rẹ̀ mọ́, tí ara rẹ̀ dá, kí èso rẹ̀ pọ́n dé ìdí.

Ẹ là á, ẹ fún irúgbìn àti omi rẹ̀ sínú abọ́. Ẹ má bu omi kún un. Ẹ fi aṣọ tàbí nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin, ẹ gbé e síbi òjìji, kí ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Pẹ̀lú ooru Ìbàdàn, ọjọ́ kan sí méjì ti tó. Á kan, á hó díẹ̀, ìfófòó funfun á bo orí rẹ̀. Ohun yíyọ̀ tó yí hóró ká, tí kì í jẹ́ kó hù nínú èso, ló ń jẹ kúrò yẹn, ó sì ń bá díẹ̀ nínú àìsàn tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi pẹ́ jù, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í hù sínú abọ́. Ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ da èyí tó léfòó àti ìdọ̀tí nù, ẹ ṣan èyí tó wà nísàlẹ̀ títí omi á fi mọ́. Orí àwo tàbí asẹ́ ni kí ẹ sá a sí. Ẹ má sá a sórí ìwé, torí á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì máa fi èékánná họ ọ́.

Ata kò nílò kíkan. Ẹ kàn la ata rodo tó pọ́n dáadáa, ẹ họ irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sá a. Ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́ o. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹn nu ojú, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú irúgbìn ti parí fún un lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, omi gbígbóná. Iṣẹ́ rẹ̀ níbí yàtọ̀ sí ti ewédú. Kì í ṣe èèpo la fẹ́ ṣí. Kòkòrò àìsàn tó ti wọ inú hóró la fẹ́ pa, bí èyí tó máa ń ta àmì dúdú wẹ́wẹ́ sára ewé àti èso. Òwú tín-ín-rín ló wà láàárín ooru tó pa àìsàn àti ooru tó pa ọmọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní tẹmómítà. Ti ibà tó wà nílé kò lè ṣe é, torí 42 ló ń mọ. Èyí tó lè ka 100 ni kí ẹ rà.

1. Ẹ di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú òkúta kékeré kan tó mọ́, kí ó lè rì. Ẹ kọ́kọ́ fi sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, 37°C, fún ìṣẹ́jú 10, kí ooru lè wọ inú rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

2. Ẹ lo kúlà oúnjẹ, torí ó ń gbé ooru dúró ju ìkòkò lọ. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀ ná. Ife mẹ́ta omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó mọ́ ife méje omi ẹ̀rọ lásán máa fún yín ní nǹkan tó súnmọ́ 50°C. Ẹ rò ó, ẹ ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, ẹ fi omi híhó tàbí omi tútù tún un ṣe títí tó fi pé.

3. Tòmátì àti ìkàn, 50°C fún ìṣẹ́jú 25. Kábéèjì náà bẹ́ẹ̀. Ata gba díẹ̀ sí i, 51 sí 52°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ máa mi ìdì náà, ẹ sì máa wo tẹmómítà ní gbogbo ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ bu omi híhó díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lé irúgbìn lórí.

4. Bí àkókò bá pé, inú omi tútù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìbòòji kó gbẹ.

Ẹ fi díẹ̀ dánwò nínú aṣọ tútù kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀, pàápàá bí irúgbìn náà bá ti pẹ́ nílẹ̀. Àgbà irúgbìn kì í fara da ooru yìí. Ẹ̀gúsí, kùkúḿbà, bàrà àti ẹ̀wà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Ẹ má sì retí ohun tí omi kò lè ṣe. Tòmátì tó bá ṣàdédé rọ lọ́sàn-án gangan, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, inú ilẹ̀ ni àìsàn yẹn ti gùn ún. Èyí tí ewé rẹ̀ ká jọ, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, eṣinṣin funfun ló gbé e wá. Kòkòrò tí àwọn èèyàn sọ ní Ebola tòmátì, tó pa oko run ní Kano àti Kaduna lọ́dún 2016, ó ń fò ni. Kò sí ìtọ́jú irúgbìn tó kan ìkankan nínú wọn.

Àwọn tí kò fẹ́ wàhálà

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò nílò rírẹ. Hóró wọn kéré débi pé bí ẹ bá rẹ wọ́n, á di ìdìpọ̀ tí ọwọ́ kò lè fọ́n. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ pò mọ́ ọn, kí ẹ fọ́n ọn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti bomi rin tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ pa á mọ́lẹ̀ lásán. Bó bá jìn, kò ní yọ. Èèrà ni ọ̀tá: ẹ wọ́n eérú gbígbẹ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, ẹ tún un wọ́n bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ẹ sì ṣí i lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá yọrí, kí oòrùn má baà bá a lójijì.

Úgú ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí a sá òun gbẹ. Irúgbìn rẹ̀ máa ń kú bí omi inú rẹ̀ bá tán, nígbà mìíràn ó ti ń hù nínú èso gan-an. Ẹ yọ ọ́, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ síbi ìbòòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ gbìn ín. Kùkúḿbà àti ẹ̀gúsí lè wà lómi fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ̀wà kò nílò omi rárá. Èèpo rẹ̀ máa ń ya bó bá mu omi lójijì.

Oògùn lúbúlúbú, eérú, dóńgóyárò

Oògùn tí wọ́n ń fi pa irúgbìn lára wà ní sáṣẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lòdì sí olú inú ilẹ̀ àti kòkòrò tó ń jẹ hóró. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, ẹ sì ka ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí lára, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ da irúgbìn sínú ike tó ní ìdérí, ẹ bu oògùn sí i, ẹ wọ́n omi ìwọ̀nba tí á jẹ́ kó lẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì í títí gbogbo rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìbòmú lẹ́nu, ẹ̀yìn ilé. Ike yẹn kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná láé, èyí tó bá sì ṣẹ́kù kì í ṣe ti ìkòkò, kì í ṣe ti adìyẹ.

Ní tèmi, mi ò ní lò ó fún ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti wọ ìkòkò ọbẹ̀. Kò yẹ kí oògùn tún tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ sí ilá, kùkúḿbà àti àgbàdo.

Eérú dára láti fi tọ́jú irúgbìn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ìkòkò, ewé dóńgóyárò gbígbẹ náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tó wà nínú hóró kò gbọ́ èdè eérú.

Nọ́sìrì: ibi tí irúgbìn ti ń kọ́kọ́ hù kí a tó lọ́ ọ lọ sóko

Irúgbìn tí ẹ fọ̀ mọ́, bí ẹ bá gbìn ín sínú erùpẹ̀ tó ní àìsàn, ìdí rẹ̀ á rà, á sì dojú bolẹ̀ kí ewé kejì tó yọ. Fún tòmátì àti ata, ẹ po erùpẹ̀ òkè mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá, tí kò rùn mọ́. Ẹ da omi híhó lé e títí á fi rin dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ jẹ́ kó tutù tó sì fà díẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Ẹ fi igi fa ilà tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ gbìn ín sójú ilà, kó má ṣe fún jù. Èyí tó bá fún jù ló máa ń kọ́kọ́ ṣubú.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Bí ẹ bá bu omi sí i lálẹ́, yóò sùn nínú ọ̀rinrin, ohun tí olú sì ń wá gan-an nìyẹn. Ìbòòji imọ̀ ọ̀pẹ kí ó ga, kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá. Tòmátì á tó í lọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ata máa ń gbà tó mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ dín omi kù, ẹ sì máa ká imọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbìn nìkan ni kí ẹ fi omi gbígbóná ṣe, torí irúgbìn tó ti kọjá nínú ooru kì í pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Ẹ gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ rí i pé ó gbẹ, ẹ dé e sínú ìgò pẹ̀lú ìrẹsì yíyan díẹ̀ tó ti tutù, tí ẹ dì sínú aṣọ, kí ó máa fa ọ̀rinrin, ẹ kọ orúkọ àti oṣù sí i lára, kí ẹ gbé e síbi tó tutù jù nínú ilé, tó jìnnà sí ààrò.